CRP mi jẹ́ 14, láàbù ní kí n wá san owó àyẹ̀wò jíìnì jẹjẹrẹ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àjọkẹ́_Kubwa (Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, ṣùgbọ́n mi ò dá sí i rí. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti kàn mí.

Ọmọ ọdún 41 ni mí, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, Kubwa ni mò ń gbé. Àbúrò màmá mi kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, jẹjẹrẹ àpòlúkù ló pa wọ́n. Bàbá tó bí bàbá mi náà, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ní ó pa wọ́n kí wọ́n tó bí mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ ṣe àyẹ̀wò gbogbo ara ní láàbù kan láàárín ìlú. Gbogbo èsì ló dára àfi ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní CRP. Ìwé èsì ní kò yẹ kó ju 10 lọ, tèmi jẹ́ 14.

Ọmọkùnrin tó fún mi ní ìwé náà ní iná ló ń jó nínú ara mi, pé irú iná bẹ́ẹ̀ ló ń di jẹjẹrẹ, pé tó bá jẹ́ jíìnì ló gbé e wá, ó ti wà lára mi kí wọ́n tó bí mi. Ó ní wọ́n ní àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń fi itọ́ ṣe, 280,000 náírà, pé yóò sọ fún mi bóyá jẹjẹrẹ ń bọ̀ tàbí kò bọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn oorun mi ti fò. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Owó ilé-ìwé wọn ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ṣé kí n kó o lọ síbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ_Ọ̀fà_Nyanya (Ọjọ́ Àìkú, 10:05 alẹ́)

Àǹtí, ẹ kú ara fẹ́ra kù àbúrò màmá yín. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ má tí ì san kọ́bọ̀ o, ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n dé ná. Ìyàwó mi ní kí n sọ fún yín pé atalẹ̀ pupa máa ń pa iná inú ara, pé kí ẹ máa mu ún láràárọ̀.

BàbáLáàbù_Gwagwalada (Ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀)

Àbúrò, ẹ káàárọ̀. Nídìí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti lo ogún ọdún ó lé. Ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin yẹn sọ dùn mí, torí kò yẹ kí a fi ẹ̀rù ta ọjà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí CRP jẹ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, tó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1930 ni William Tillett àti Thomas Francis rí i ní New York nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń ṣe. Wọ́n rí i pé ó máa ń dì mọ́ èròjà kan tí wọ́n pè ní C lára kòkòrò tó ń fa òtútù àyà náà, ibẹ̀ ni lẹ́tà C inú orúkọ rẹ̀ ti wá.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí nǹkan bá pa ara lára, bóyá ibà ni o, bóyá ọgbẹ́ ni o, ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná, á máa ro. Ara ló ń jà fún ara rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó wà níbẹ̀ á ránṣẹ́ síta. Ọ̀kan lára àwọn ìránṣẹ́ wọn ni interleukin-6. Bí ìránṣẹ́ yìí bá dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú CRP sínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì, ó lè di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí ìjà bá tán, bíi wákàtí 19 ló ń gbà kó dín sí ìdajì.

Ajá inú ọgbà ni CRP. Ó gbó, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ fún yín bóyá olè ló rí ni tàbí ewúrẹ́ ló kọjá. Mo ti rí CRP tó jẹ́ 150 lára ẹni tí ibà ń ṣe, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ó ti di 2. Èyí tó jẹ́ 14, gbígbó jẹ́jẹ́ ni.

Ẹ dá mi lóhùn: ṣé ibà ṣe yín lọ́sẹ̀ tí ẹ lọ? Ṣé eyín kankan ń dùn yín? Ṣé ọgbẹ́ wà lára yín, àbí ikọ́? Ṣé ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan? Ara tó bá sanra náà máa ń gbé e sókè díẹ̀.

Àjọkẹ́_Kubwa (Ọjọ́ Ajé, 7:02 àárọ̀)

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín nínú ọkọ̀ tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Ibà ò ṣe mí. Ṣùgbọ́n eyín mi kan wà lẹ́yìn lọ́wọ́ òsì, ìdí rẹ̀ ti ń wú, tó ń rọlẹ̀, láti bí oṣù mẹ́ta. Omi gbígbóná oníyọ̀ ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Mi ò rò pé ó jẹ́ nǹkan kan.

BàbáLáàbù_Gwagwalada (Ọjọ́ Ajé, 7:15 àárọ̀)

Ó jẹ́ nǹkan. Ẹ lọ rí dókítà eyín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Tí wọ́n bá ti tọ́jú rẹ̀, ẹ dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ wá tún CRP nìkan ṣe. Owó tó máa ná yín kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ 280,000.

Akẹ́kọ̀ọ́_Samaru (Ọjọ́ Ajé, 1:30 ọ̀sán)

Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin àgbà. Ìmọ̀ jíìnì ni mò ń kà ní Zaria níbí. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ajá tí Bàbá sọ yẹn, kí n fi dáhùn ohun tó ń ba Àǹtí Àjọkẹ́ lẹ́rù jù, ìyẹn jíìnì.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí ọmọ láàbù yẹn sọ, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rù ti wọlé. Lórílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, ní Copenhagen, wọ́n wọn CRP ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí ara wọn le, wọ́n wá ń ṣọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí tiwọn ju 3 lọ ní jẹjẹrẹ ju àwọn tí tiwọn kò tó 1 lọ. Ti ẹ̀dọ̀fóró tilẹ̀ lé ní ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ dúró, á ní CRP ló ń fa jẹjẹrẹ.

Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ tó ti fara pamọ́ sínú ara ló ń mú kí CRP ga. Ó tún lè jẹ́ pé nǹkan kẹta, bíi sìgá, ló ń bí àwọn méjèèjì. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀?

Jíìnì ló yanjú rẹ̀, ìyẹn àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tí ọmọ ń jogún lára òbí. Jíìnì kan wà tó ń ṣe CRP. Kò rí bákan náà lára gbogbo wa. Àwọn kan wà tí ìrísí tiwọn ń mú kí CRP wọn ga díẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, láìsí àìsàn kankan. Ẹ rántí pé ó ti wà lára wọn kí sìgá tó dé, kí àìsàn tó dé. Bí ìpín tí a yàn látọ̀run ni, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láyé kò lè padà lọ yí i. Nítorí náà, tí CRP fúnra rẹ̀ bá ń fa jẹjẹrẹ, àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí jẹjẹrẹ pọ̀ lára wọn jù.

Àwọn ará Copenhagen yìí kan náà lọ wò ó lára èèyàn tó lé ní 40,000, wọ́n sì gbé e jáde ní 2010. Jíìnì náà gbé CRP sókè lóòótọ́. Jẹjẹrẹ kò pọ̀ sí i rárá.

Àǹtí, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn kan wà tí wọ́n bí ajá tó ń gbó púpọ̀ mọ́ wọn. Ajá yẹn kò pe olè wá sílé wọn.

Ọmọ_Ọ̀fà_Nyanya (Ọjọ́ Ajé, 2:11 ọ̀sán)

Háà! Ọ̀rọ̀ yìí yé mi ju bí mo ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, àwọn òyìnbó Dẹ́ńmáàkì nìyẹn. Àwa ńkọ́? Tó bá sì jẹ́ pé kì í ṣe jíìnì, kí ló dé tí jẹjẹrẹ fi ń lọ láti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ ọmọ nínú àwọn ìdílé kan? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Akẹ́kọ̀ọ́_Samaru (Ọjọ́ Ajé, 8:45 alẹ́)

Ìbéèrè méjèèjì dára. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

N ò sọ pé jíìnì kò ní ọwọ́ nínú jẹjẹrẹ. Ó ní. Àwọn jíìnì kan wà, bíi BRCA1 àti BRCA2, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa tún DNA (èròjà tí a fi ṣe jíìnì) tó bá fọ́ ṣe. Ẹni tí wọ́n bá bí èyí tó bàjẹ́ mọ́, ewu jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ ga gan-an. Ẹgbẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé wò ó lára obìnrin Nàìjíríà tó lé ní 1,100 tó ní jẹjẹrẹ ọmú, wọ́n gbé e jáde ní 2018: nǹkan bí 1 nínú 8 wọn ló ní irú jíìnì bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú lọ́jọ́ orí kékeré, ó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa àyẹ̀wò yẹn. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Àwọn jíìnì tó ń darí bí ara ṣe ń wú tó sì ń jà kò rí bẹ́ẹ̀. Kékeré ni ipá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọn kì í sì í sábà dá ṣe nǹkan kan láìsí ohun tó ń ta wọ́n jí. Àpẹẹrẹ kan rèé tó kan ti àbúrò màmá Àǹtí Àjọkẹ́ gan-an. Kòkòrò kan ń jẹ́ Helicobacter pylori, inú àpòlúkù ló ń gbé. Àwọn ará Australia méjì, Barry Marshall àti Robin Warren, ló fi yé ayé pé òun ló ń fa ọgbẹ́ inú. Marshall tilẹ̀ gbé kòkòrò náà mì ní 1984 kó lè fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí, wọ́n sì fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Kòkòrò yìí ń mú kí ara àpòlúkù máa wú títí, fún ọ̀pọ̀ ọdún, lára ẹlòmíràn ó sì ń di jẹjẹrẹ.

Kí ló dé tó fi ń di jẹjẹrẹ lára ẹnì kan, tí kò sì dà bẹ́ẹ̀ lára ẹnì kejì? Ní 2000, Emad El-Omar àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i láàárín àwọn ará Scotland àti Póláǹdì pé ẹni tó ní ìrísí kan nínú jíìnì interleukin-1, òmíràn nínú àwọn ìránṣẹ́ tí Bàbá sọ, ní ewu jẹjẹrẹ àpòlúkù ju ẹlòmíràn lọ. Interleukin-1β ń pe ìjà, ó sì tún ń dín omi kíkan inú àpòlúkù kù. Bí omi kíkan bá dín kù, kòkòrò á tàn káàkiri, ara àpòlúkù á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ṣùgbọ́n ẹ fojú sí i: nígbà tí wọ́n lọ wò ó láàárín àwọn ará Éṣíà, kò rí bẹ́ẹ̀ kedere mọ́. Ẹni tí kòkòrò náà kò bá sì sí lára rẹ̀, kí ni jíìnì yẹn fẹ́ bá jà?

Tiwa wá wà níbẹ̀. Maiduguri ni ọ̀kan lára àwọn dókítà tó kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè ńlá kan ti ṣiṣẹ́. Holcombe ni orúkọ rẹ̀. Ó rí i pé H. pylori kún ara àwọn èèyàn Àríwá Nàìjíríà, láti kékeré pàápàá, síbẹ̀ jẹjẹrẹ àpòlúkù tí wọ́n ń rí nílé ìwòsàn kò pọ̀ bó ṣe yẹ. Ní 1992 ó pè é ní àlọ́ Áfíríkà. Àwọn kan ní oúnjẹ wa ni, àwọn kan ní aràn inú ló ń pẹ̀tù sí ìjà náà, àwọn mìíràn ní àìtó ẹ̀rọ àyẹ̀wò ni kò jẹ́ ká rí wọn. Lójú tèmi, ti ìkẹta yẹn wúwo gan-an. Ẹni tó kú ní abúlé láìsí ẹni tó fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, ta ló fẹ́ kà á?

Èyí tó jẹ́ ti "àwa ńkọ́", ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e dáadáa lọ́la. Iná ti lọ níbí, fóònù mi ti fẹ́ kú.

Ìyá_Ìbejì_Kano (Ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò ka ìwé púpọ̀, ọjà ni mò ń tà ní Sabon Gari láti 1988. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wíwú tó pẹ́ tó ń di jẹjẹrẹ yìí, mo fojú rí i.

Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin wà ní ọdún 11, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Àwa ń pè é ní àtọ̀sí ajá, àwọn Hausa ní tsargiya. Àwọn aládùúgbò wa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní gbogbo ọmọkùnrin ló ń ṣe, pé ó fi hàn pé ó ti ń dàgbà. Omi tí wọ́n fi ń rin oko ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń wẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló bá mi wí gidi, ó ní aràn ni, inú omi ló ti ń wọ ara gba awọ, pé ẹyin rẹ̀ ló ń há sí ara àpò ìtọ̀, pé tó bá pẹ́ níbẹ̀, ó lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Oògùn tí wọ́n fún un kò ju praziquantel ti ọjọ́ kan lọ. Ọmọ náà ti di bàbá ọmọ báyìí.

Bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ọ̀nà Wudil kò rí oògùn yẹn gbà ní kékeré. Ẹni ọdún 46 ni nígbà tí jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ mú un lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ọmọ lápá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, tí wọ́n bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín.

BàbáLáàbù_Gwagwalada (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀)

Màmá, ẹ kú àdúrótì ọmọ. Òótọ́ pọ́nńbélé lẹ sọ. Ẹyin aràn yẹn, ìdí rẹ̀ ni ara kò fi ní jáwọ́ nínú ìjà fún ogún, ọgbọ̀n ọdún. Sẹ́ẹ̀lì á máa kú, òmíràn á máa pín rọ́pò rẹ̀. Níbi pípín yẹn ni àṣìṣe ti ń wọ inú DNA.

Àbúrò Àjọkẹ́, ti bàbá bàbá yín ló wà lọ́kàn mi. Ẹ̀dọ̀. Ní Nàìjíríà níbí, nígbà tí wọ́n bá ní ẹ̀dọ̀ pa ẹnì kan, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ni mẹ́dọ̀wú B. Fáírọ́ọ̀sì ni, ìyá lè kó o ran ọmọ nígbà ìbí, ọmọ ìyá á kó o ran ara wọn ní kékeré, ó wá ń lọ nínú ìdílé bí ẹni pé jíìnì ni. Ọdún 2004 ni wọ́n tó fi àjẹsára rẹ̀ kún ti àwọn ọmọ ọwọ́ wa, àwa tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn kò rí i gbà ní kékeré. Ẹ ṣe àyẹ̀wò HBsAg, èyí tó ń fi mẹ́dọ̀wú B hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Kí gbogbo ọmọ ìyá yín ṣe é.

Ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu náà wà níbẹ̀. Májèlé kan tó ń jẹ́ aflatoxin ló ń wà nínú èbu rẹ̀. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì torí oúnjẹ ẹ̀pà tó bu, ibẹ̀ ni ayé ti mọ̀ ọ́n. Ó máa ń ba jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní TP53 jẹ́ nínú ẹ̀dọ̀, ojú kan náà ló sì sábà máa ń gún un. Bí ó bá bá mẹ́dọ̀wú B nílé, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ á wá di púpọ̀púpọ̀. Sísè kò pa á tán. Ẹ̀pà tó bá ti bu, ẹ dà á nù, ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́ kúlíkúlí.

Alágbà_Jos (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:20 àárọ̀)

Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ìmọ̀ yín. Mo ní ìbéèrè kan. Jẹjẹrẹ ọmú ń ṣe ìyàwó mi, ó ń gba kẹ́mò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá wa padà nílé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ jẹ́ 1.3, pé ó gbọ́dọ̀ tó 1.5 kí wọ́n tó fún un lóògùn. Kò sí ibà, kò sí òtútù, oúnjẹ ń wọlé. A ti mu omi ewé ugu títí. Ọ̀sẹ̀ tí a bá pàdánù, bí ẹni pé wọ́n ń yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀mí rẹ̀ ló ń ṣe mí. Ṣé jíìnì lè wà nídìí èyí náà?

Nọ́ọ̀sì_Karu (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:50 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Wọ́ọ̀dù àwọn alárùn jẹjẹrẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, jíìnì lè wà nídìí rẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo Yorùbá tó ń gba kẹ́mò mọ̀ nípa rẹ̀.

Èròjà kan ń jẹ́ Duffy, ara sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ló máa ń wà. Ó máa ń gba àwọn ìránṣẹ́ tó ń pe sẹ́ẹ̀lì funfun lọ síbi ìjà. Lára àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wa ni kò ní i lórí ẹ̀jẹ̀ pupa. Ó ṣe wá láǹfààní o: ní 1976 ni Louis Miller fi hàn pé ó ṣòro gan-an fún irú ibà kan tó ń jẹ́ vivax láti wọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò ní Duffy. Ní 2009, àwọn onímọ̀ wá rí i pé òun náà ló fà á tí neutrophil wa, ìyẹn àwọn ọmọ ogun tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ funfun, fi ń kéré nínú ìgò láàbù ju ti òyìnbó lọ. Ara le, ó sì lè jẹ́ 1.2. Wọ́n wà nínú egungun àti nínú ara, inú ẹ̀jẹ̀ tí abẹ́rẹ́ fà ni wọn kò ti pọ̀. Láti ara òyìnbó ni wọ́n sì ti mú òdiwọ̀n 1.5 yẹn wá.

Bàbá, ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ wá èsì ẹ̀jẹ̀ Màmá tí wọ́n ṣe kí kẹ́mò tó bẹ̀rẹ̀, kódà èyí tó ti pẹ́. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ló wà nígbà tí ara rẹ̀ le, ẹ fi han dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, kí ẹ bi í bóyá Duffy ni. Àwọn ni wọ́n máa pinnu. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o: kẹ́mò fúnra rẹ̀ ń pa ẹ̀jẹ̀ funfun. Tí ara Màmá bá gbóná lẹ́yìn kẹ́mò, lóru tàbí lọ́sàn-án, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ni kíá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Samaru (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 alẹ́)

Nọ́ọ̀sì ti bá mi dáhùn "àwa ńkọ́" dé ìdajì. Ìdajì tó kù rèé.

Nígbà tí ayé fẹ́ ya àwòrán bí jíìnì èèyàn ṣe yàtọ̀ síra, iṣẹ́ tí wọ́n pè ní HapMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, èèyàn 270 ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Yorùbá ni 90 nínú wọn, láti Ìbàdàn: ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ. Títí dòní, tí onímọ̀ jíìnì bá ní "YRI" níbikíbi láyé, àwọn èèyàn wa yẹn ló ń wí. Mo máa ń fi í yangàn nínú kíláàsì. Ohun tó wá ń dùn mí ni pé nígbà tó di ọ̀rọ̀ wíwá jíìnì tó bá àìsàn kọ̀ọ̀kan rìn, ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ wo bí ìyẹn ṣe kan àyẹ̀wò itọ́ 280,000 yẹn. Ojú kan wà nínú jíìnì interleukin-6 tí wọ́n ń pè ní -174. Lára òyìnbó, lẹ́tà tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ G tàbí C, ìwé àyẹ̀wò á wá máa sọ fún wọn pé ara tiwọn ń jà púpọ̀ tàbí díẹ̀. Lára Yorùbá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ G nìkan ni. Tí wọ́n bá kọ ọ́ fún Àǹtí pé "o ní G", kò sọ nǹkan kan tí wọn ò ní sọ fún gbogbo ará ilé àti ará ọjà. Má san án, Àǹtí. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ_Ọ̀fà_Nyanya (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:00 alẹ́)

Mo ti gbà. Ṣùgbọ́n mo kà níbì kan pé wọ́n ti ṣe abẹ́rẹ́ kan tó ń pa iná inú ara, tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sì dín kù. Ṣé irọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì_Karu (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:14 alẹ́)

Kì í ṣe irọ́. Canakinumab ni, interleukin-1β ló ń dí lọ́nà. Àwọn tó ti ní ìkọlù ọkàn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fún, ó lé ní 10,000 èèyàn, wọ́n gbé e jáde ní 2017. Ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró dín kù gan-an lára àwọn tó gba èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n àkóràn tó ń pani pọ̀ sí i, torí wọ́n ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ ara. Nígbà tí wọ́n sì gbìyànjú rẹ̀ lára àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti wà lára wọn, kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìyẹn ni kí ẹ fi mọ̀ pé àwọn ìránṣẹ́ tó ń pe ìjà lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀ ju CRP lọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lọ máa wá oògùn tó ń dí ìjà ara rà lọ́jà. Aspirin pàápàá, tó ṣe bẹbẹ fún àwọn tó ní àrùn Lynch (àrùn àjogúnbá tó ń mú kí jẹjẹrẹ ìfun tètè ṣeni), ń mú kí inú ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tí H. pylori wà nínú rẹ̀ tó tún ń gbé aspirin mì lójoojúmọ́ láìrí dókítà, ewu ni.

Atalẹ̀ pupa nínú ọbẹ̀, kò burú. Ẹ má fi rọ́pò dókítà eyín.

Alágbà_Jos (Ọjọ́ Ẹtì, 5:40 ìrọ̀lẹ́)

Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi. A tú àpótí ìwé títí, a rí èsì ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi ti 2019, nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ iju fún un. Neutrophil rẹ̀ jẹ́ 1.4 nígbà náà. Dókítà wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù níwájú wa. Wọ́n fún un ní kẹ́mò lánàá. Ẹ ṣé. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ tó.

Àjọkẹ́_Kubwa (ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:25 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà wá jíṣẹ́.

Wọ́n yọ eyín yẹn. Ọyún wà nídìí rẹ̀, ó ju bí mo ṣe rò lọ. Ọjọ́rú tó kọjá ni mo tún CRP ṣe: 2. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà láàbù, mo sunkún. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ti wọlé ní ibi tó yẹ kó wọ̀.

Mo ṣe àyẹ̀wò H. pylori, èyí tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ ṣe, ó wà lára mi. Dókítà fún mi ní oògùn kòkòrò méjì àti èyí tó ń dín omi kíkan kù, ọjọ́ 14 ni, mo ti lo mẹ́sàn-án. Ẹnu mi ń korò bí ewúro, ṣùgbọ́n mi ò ní fo ọ̀kan.

Mẹ́dọ̀wú B kò sí lára mi. Ó wà lára àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Mararaba. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀, ó kàn tẹ̀ lé mi lọ ni. Wọ́n ti ya àwòrán ẹ̀dọ̀ rẹ̀, kò tí ì sí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n sì ti gba ẹ̀jẹ̀ láti wọn iye fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni yóò máa wá. Kò sí lára ìyàwó rẹ̀, wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta. Ọjọ́ Ajé ni a máa kó àwọn ọmọ wọn méjèèjì lọ. Àbúrò mi ní òun ò lè dá wọlé pẹ̀lú wọn, mo ti gba àyè níbi iṣẹ́, èmi ni màá gbé èyí àbíkẹ́yìn lé ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.